Àlejò Tí A Kò Kí

Èmi ni mo kọ gbólóhùn náà. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ èyí kí ẹ tó rí ìbínú mi, nítorí inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò bá tú àṣírí ìkà síta, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti kàn án han àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìkà náà ṣẹlẹ̀ sí. Aránṣọ ni wọ́n, ìsọ̀ wọn sì wà ní Okokomaiko, ní òpópónà kékeré kan tí ó yà kúrò lára títì márosẹ̀ Àgbádárìgì, níbi tí ariwo àwọn agbérò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ bí kò bá súnmọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Àwọn ni wọ́n gbà mí tọ́. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń rán tí wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ìwé, títí mo fi gboyè nínú èdè Yorùbá, tí mo di olùkọ́, tí mo sì gba ilé sí Ìbà Housing Estate. Láti ọjọ́ tí mo ti gboyè ni wọn kò ti fi orúkọ pè mí mọ́. "Tíṣà" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wà ní ìsọ̀, wọ́n máa ń gbé ohùn sókè kí ó lè gbọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí dókítà ti sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣe wọ́n. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá wọn wó. Wọ́n ń lo oògùn wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, wọ́n pa mínírà tì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ni wọ́n ń jẹ dípò ìrẹsì, wọ́n sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìsọ̀ dé Ìyànà Ìbà ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú káàdì lọ sí ilé ìwòsàn ju bí wọ́n ti mọ ọjọ́ ìbí ara wọn lọ. Kì í ṣe àìsàn ni ó ń bà wọ́n nínú jẹ́. Ìdáwà ni. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó sì máa ń tó oṣù kan kí ó tó pè. Èmi tí mo wà nítòsí, iṣẹ́ ni mo máa ń fi ṣe àwáwí.

Obìnrin tí ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ìsọ̀ kejì ni ó kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ìpàdé náà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe mọ́sáláṣí. Yàrá gígùn kan ni, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta táyà. Àwọn aláṣọ funfun ń wá, àwọn Àlàájì ń wá, àwọn awakọ̀ àti kápẹ́ńtà ń wá, wọ́n sì ń jókòó pọ̀ lórí àga oníke. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: èrò inú ènìyàn ni ó ń dá ayé rẹ̀, ẹni tí ó bá ro rere yóò rí rere, ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi, òun ni ó pè é wọlé. Afinimọ̀nà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí ó dá ìpàdé náà sílẹ̀. Ó ti ta rédíò ní Àlàbá rí kí ó tó sọ pé òun rí ìmọ́lẹ̀. Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, bí ó bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀, yóò dà bí ẹni pé ìwọ nìkan ni ó jí fún lówùúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò lè purọ́, ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi lóore. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ìsọ̀ wọn kùn. Èyí ni ó mú kí n tẹ̀lé wọn lọ ní ọjọ́ Àìkú kan.

Obìnrin kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà òkè kí mi. "Bọ̀dá, ara ńkọ́?"

Mo ní, "A dúpẹ́, mà. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni, oòrùn yìí ti pọ̀ jù."

Ó na ọwọ́ sí àtẹ̀gùn. "Ẹ padà sísàlẹ̀, sà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbé àárẹ̀ gòkè wá. Ẹ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ tún gòkè."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìdánwò àkọ́kọ́ nìyẹn o, o sì ti feèlì."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gòkè. Obìnrin náà tún bi mí, mo sì dáhùn bí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ mi lórí àtẹ̀gùn: "Ara mi le bí òkúta." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yà fún mi. Lẹ́yìn mi ni bàbá àgbà kan gòkè wá, kápẹ́ńtà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ikọ́ fée ń bá jà. Wọ́n bi í bí ara ti rí. Ó ní àyà ń fún òun. Wọ́n dá a padà. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ rí èémí tí yóò fi sọ̀rọ̀, ó kàn gbá àyà mú. Wọ́n dá a padà. Nígbà tí ó gòkè lẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì wí pé ara òun le, pẹ̀lú ohùn tí kò tó ti ẹ̀fọn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ẹ kọ èyí náà mọ́ ọn.

Nígbà tí Afinimọ̀nà gbọ́ pé olùkọ́ èdè ni mí, ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kó ìwé eléwé ogójì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ìtàn kan ni ó ti ń kọ. Ó ní Yorùbá òun kò gún, òun sì fẹ́ kí n bá òun tún un ṣe kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo kà á ní alẹ́ méjì. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ó fi ìlú àwọn aláròyé sílẹ̀, ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń ka ohun tí wọn kò ní láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó la ẹrẹ̀ kan kọjá tí ẹ̀rù tí ó bá wọ ọkàn rẹ̀ á di ẹranko níwájú rẹ̀. Ó dé etí odò kan tí ń fẹ̀ sí i bí ó bá ti rò pé ó fẹ̀, tí ń sún pọ̀ bí ó bá ti rò pé kò tó nǹkan. Èdè rẹ̀ wọ́, gbólóhùn rẹ̀ kò ní egungun, ṣùgbọ́n ìtàn náà wù mí. Mo ti ń ka àròkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì sí ẹni tí ó tíì sọ pé kí èmi náà kọ nǹkan.

Ní orí karùn-ún, ẹ̀gún wọ arìnrìnàjò náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà kọ síbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ẹ̀gún gún un, ó ro rere, ó sì san. Mo wò ó pé ibí yìí gbẹ jù. Mo rántí ìyá wa, tí kì í pe ejò ní ejò bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí okùn ni ó ń pè é. Mo rántí àwọn àgbà tí wọn kì í pe ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń fi bò ó. Mo mú àṣà àtijọ́ yìí, mo fi ṣe òwú, mo sì hun ún sínú orí karùn-ún. Mo fi í sẹ́nu arìnrìnàjò náà pé: "Ohun tí ó wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ kò tíì ní orúkọ. Bí n kò bá pè é, àlejò ni. Àlejò tí a kò kí yóò sì wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ."

Mo mọ̀ nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ nísinsìnyí, pé àwọn àgbà tí wọn kì í pe àrùn náà lórúkọ kò fi aláìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú. Wọ́n ń yà á sọ́tọ̀, wọ́n ń fún un ní àgbo, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹnu ni wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún un, ọwọ́ wọn kò dúró. N kò kọ apá kejì yìí síbẹ̀, nítorí pé kò bá ohùn gbólóhùn náà mu.

Nígbà ìkójáde ìwé náà, wọ́n mú mi jókòó níwájú. Afinimọ̀nà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kọ ohunkóhun. "Olùrànlọ́wọ́ wa nínú èdè" ni ó pè mí, ìyẹn sì tó mi. Nígbà tí ó ka orí karùn-ún tán, ó tún gbólóhùn mi kà, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá sín nínú ìsọ̀, ẹnìkejì á ní, "Má kí i o." Bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, ìyá rẹ̀ á ní, "Àlejò ni, á lọ." Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń kọjá, orí mi á sì wú.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo yà sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo bá wọn tí wọ́n ń kọrin. Wọ́n sọ fún mi, tayọ̀tayọ̀, pé Afinimọ̀nà ti ní kí gbogbo ọmọ ìpàdé kó káàdì ilé ìwòsàn àti oògùn wọn wá. Ó ní ènìyàn kò lè máa gbé orúkọ àlejò kiri nínú àpò, kí ó tún máa wí pé òun kò kí i. Àpò ńlá kan ni wọ́n kó o sí, wọ́n so ó lẹ́nu, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn àga rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yín náà ńkọ́?"

"Oògùn wo?"

"Èyí tí ẹ ń lò láti gbogbo ọdún yìí wá."

"Oògùn kí ni, Tíṣà? Kí ló ń ṣe mí?" Wọ́n ń wo ojú mi, ẹ̀rín sì wà lójú wọn, bí ẹni tí ń bá ọmọdé ṣeré.

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n dìde, kí n gun àtẹ̀gùn náà, kí n sì gba káàdì yẹn padà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra." Mo sì lọ sílé lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti kó oògùn sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọn kán, ṣóńṣó rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn àgékù aṣọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àtọ̀gbẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ aláìsàn rẹ̀ kì í gbọ́ ìrora bí tẹlòmíràn. Wọn kò mọ̀ pé nǹkan wọlé, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kan náà wa ẹ̀rọ lọ. Òórùn ni ó sọ ọ́ fún mi. Mo wọ ìsọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ òórùn aṣọ tí a ń lọ̀, mo gbọ́ òórùn lọ́fínńdà tí wọn kì í lò tẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ òmíràn nísàlẹ̀ méjèèjì. Wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú tí ó nípọn sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, nínú ooru yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà lẹ́sẹ̀ yín?"

Wọ́n gé òwú pẹ̀lú eyín. "Kò tíì ní orúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Àlejò ni, Tíṣà. Àlejò tí a kò kí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Á wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ."

Wọ́n tún ẹ̀rọ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ti fi dá mi lóhùn. Bí mo bá ní irọ́ ni, mo ní láti sọ pé èmi ni mo pa á. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbé e yípo nínú ọkàn mi, bí ẹni tí ń wá ọ̀nà láti tún àṣìṣe ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni tí ó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ mẹ́jọ láti fi ṣòfò.

Obìnrin oníbọ́tìnnì ni ó kọ́kọ́ mú wọn dé ilé ìwòsàn kékeré kan láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn, láìsọ fún àwọn ará ìpàdé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó padà ròyìn rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ìtìjú. Nọ́ọ̀sì bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" Wọ́n ní, "Ara mi le." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ wá síbí nítorí ara yín le?" Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ó ní nǹkan díẹ̀. Ó bi wọ́n bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní rárá. Àtọ̀gbẹ? Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Káàdì àtijọ́? Wọn kò ní. Mo bi obìnrin náà pé kí ni ó dé tí òun kò fi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹnu mi fẹ́ là. Mo rò pé bí mo bá pè é, èmi ni mo fà á fún wọn yẹn."

Nọ́ọ̀sì nu egbò, ó fún wọn ní oògùn ìrora, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. N kò dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi. Ohun tí a kò bá sọ fún olùtọ́jú, kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ibà dá wọn dùbúlẹ̀. Mo gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, a sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tú ìbọ̀sẹ̀ náà. Ìka mẹ́ta ti dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ti là títí dé gìgísẹ̀. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n, wọ́n sì dá a lóhùn bákan náà: ara mi le. Ó yí sí mi.

Mo ní, "Àtọ̀gbẹ ni, dókítà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Wọn kò lo oògùn láti oṣù mẹ́rin ó lé."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ògiri. Wọn kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gòkè lọ bá Afinimọ̀nà. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí bí ara ti rí, mo ní kò dára rárá, mo sì kọjá lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ̀pà. Ó fún mi ní àga.

Mo ní, "Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"A gbọ́. Ọkàn wa wà pẹ̀lú wọn."

"Kó káàdì àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún wọn kí ẹnìkan tó kú."

Ó bó ẹ̀pà kan. "Tíṣà, ṣé mo fi ipá gba káàdì lọ́wọ́ ẹnìkan? Àwọn ni wọ́n mú un wá. Ìwé ni wọ́n kà." Ó wò mí, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti ẹni tí ń kí ara ilé rẹ̀ lọ. "Ojú ìwé tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀, ta ló kọ ọ́?"

Ó na àwo ẹ̀pà sí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ó sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún gbogbo ìpàdé. Ó ní àlejò náà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti fẹ́ máa lọ, kí ẹnìkan láti inú ilé wọn tó pè é ní orúkọ rẹ̀ níwájú dókítà. Ó ní nígbà tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó padà, ó sì mú ẹsẹ̀ dání lọ. Obìnrin oníbọ́tìnnì ni ó sọ ọ́ fún mi. Kò lọ síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo gbé ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí ó yẹ kí ó gbọ́ irú rẹ̀. Ọkùnrin tí ó gba ìwé lọ́wọ́ mi tẹ̀lé mi wálé láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ọ̀dọ̀ mi ní Ìbà ni wọ́n ń gbé báyìí, níbi tí kò sí àtẹ̀gùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó sì bi wọ́n bóyá ẹnìkan ni ó ní kí wọ́n má lo oògùn.

Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan. Ara mi le."

Ọkùnrin náà wo ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kí ó wà. Ó wò mí. Lẹ́nu géètì, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀sùn tí ẹni tó ni ín kò fọwọ́ sí, kí ni a fẹ́ fi í ṣe?"

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo sì sọ pé gbólóhùn yẹn kì í ṣe ti Afinimọ̀nà, pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ lórí tábìlì tí ó wà lẹ́yìn wọn, pé mo kọ ọ́ nítorí pé ó dùn létí, n kò sì fi ìgbà kan gbà á gbọ́.

Wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ilé ìwòsàn. "O rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀? Ẹ̀mí ló lò ọ́, Tíṣà. Ìwé tí o kà ni kò jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ gba ohun tó gba ọwọ́ rẹ wá gbọ́."

N kò rí ẹni tí mo lè bá jà lórí gbólóhùn yìí. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín. Àpò káàdì náà ṣì wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Káàdì ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, ti aboyún wà nínú rẹ̀, ti bàbá kápẹ́ńtà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, orí karùn-ún sì wà níbẹ̀ bí mo ti kọ ọ́. Bí ẹ bá ní ẹni kan tí ń gun àtẹ̀gùn irú bẹ́ẹ̀, ẹ bi í níbo ni káàdì rẹ̀ wà. Bí ẹ bá sì gbọ́ gbólóhùn tí mo kọ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó kọ ọ́ ní irọ́ ni.

Ẹsẹ̀ òsì ni ó kù. Dókítà ti sọ fún mi pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá wálẹ̀, yóò tẹ̀lé èkejì rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí a óò máa gé mọ́. Mo ra oògùn náà. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo gbé hóró kan síwájú wọn pẹ̀lú omi, mo ṣí ẹnu láti ṣàlàyé, mo sì rí i bí ojú wọn ti ń le. Mo pa ẹnu mi dé.

Wọ́n mú oògùn náà, wọ́n gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé irú rẹ̀ mì. Kò sí bí wọn kò ṣe ní mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní, "Kí lèyí?"

Mo ní, "Ẹ kàn lò ó, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n dúró bóyá n ó tún sọ ohun mìíràn. N kò sọ ọ́. Wọ́n gbé e mì, wọ́n dá ife padà fún mi, wọ́n sì ní kí n bá wọn ṣí fèrèsé. Bí a ti ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, n kò sì tíì pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí títí di òní.